Ògúndé: Olórin Tó Gbé Babaláwo Wọ Sinimá



Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tó sì yà sí Rye Lane, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó dé fún un. Pánla àti irú ń rùn níhìn-ín, òróró ìpara ń ta sánsán lẹ́nu ọ̀nà ilé onídìrí lọ́hùn-ún. Iṣu wà nílẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà nínú páálí, àǹkárá àti léèsì rọ̀ sókè. Ẹni tó bá mọ ẹni tó yẹ kó bi yóò rí obì, orógbó àti atare rà. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pe Peckham ní Èkó Kékeré.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí náà ló ń ta fíìmù Yorùbá. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni CD àti DVD dé, kí YouTube tó wá gba ọjà náà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Nínú àpò náìlọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, oníṣẹ̀ṣe lè gbé obì tó fẹ́ fi bọ orí rẹ̀ lọ sílé, pẹ̀lú fíìmù tí babaláwo inú rẹ̀ jẹ́ apànìyàn olójú pípọ́n tó ń gbé inú ihò. Bó bá délé, yóò tọ́jú obì sápá kan, àwọn ọmọ yóò sì gbé fíìmù sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ló jẹ́ pé ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹni tó sì gbé e lọ́wọ́ nínú fíìmù náà kì í ṣe ẹni rere.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ rí látìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ ká mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé babaláwo síwájú kámẹ́rà ní èdè Yorùbá, ohun tó fi ṣe ni akọni. Olórin ni ọkùnrin náà, oníjó ni, òǹkọ̀wé eré ni, ọlọ́pàá ni nígbà kan rí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni. Hubert Ògúndé ni orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ egúngún

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní Ọ̀sọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ náà ti dàgbà: ó mọ orin ìwé, ó sì mọ ìlù egúngún. Láti kékeré ló ti ń bá àwọn egúngún aláré lu ìlù, òun fúnra rẹ̀ sì sọ nígbà tó dàgbà pé àwọn ni wọ́n fi ìfẹ́ eré sí òun nínú. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ti sọ tẹnu rẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ń jẹ́ Ògúndé, Ògún ti dé ibẹ̀ rí, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé.

Ó ṣe olùkọ́, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ìjọ Aládùúrà kan ní kó ṣe eré fún àwọn, kí àwọn fi wá owó ilé ìjọsìn. Eré náà, The Garden of Eden and the Throne of God, jáde ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní 1944. Irú eré bẹ́ẹ̀ ti wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Èkó tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn òṣèré a máa dúró gbagidi, wọn a máa kọrin bí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ti Ògúndé ní ìlù, ó ní ijó, àwọn òṣèré sì ń ṣe é bí ẹni pé ojú wọn ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Èrò wọ́, owó wọlé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sì di ẹni tó ń fi eré nìkan jẹun. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń ṣe irú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ eré egúngún aláré yóò dá ìlànà rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí eré Ògúndé tó bẹ̀rẹ̀, orin àti ijó ìṣáájú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, èyí tí àwọn eléré ń pè ní "opening glee". Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kí àwùjọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ eré náà hàn. Bó bá sì parí, orin ni wọ́n tún fi ń kádìí rẹ̀. Egúngún aláré kì í bọ́ sójú agbo láì júbà. Orúkọ òyìnbó ni Ògúndé fún un, fèrè àti gìtá ló fi rọ́pò ìlù fún àwọn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ipa tó tọ̀ kì í ṣe ipa òyìnbó.

Olórin tí ìjọba ń sá fún

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní pop star ní ilẹ̀ Yorùbá kí rédíò tó wọ ilé gbogbo, Ògúndé ni kó wò. Àwọn èèyàn mọ orin rẹ̀ sórí, wọ́n ra àwo rẹ̀, wọ́n mọ ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bó bá ń wọ̀lú bọ̀. Ní 1947, òun àti Clementina aya rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ ijó òyìnbó, títí kan èyí tí wọ́n ń fi bàtà lu ilẹ̀ kọ̀kọ̀kọ̀. Nígbà tí àwọn òbí kò fẹ́ jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn ṣeré nítorí ẹ̀gàn, ó sọ àwọn òṣèré di ìyàwó, ó sì sọ àwọn ìyàwó di òṣèré, títí wọ́n fi ju mẹ́wàá lọ. Ilé rẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ijó nìkan ló ń jó. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, ó ṣe eré Strike and Hunger, ọlọ́pàá sì dá a dúró ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn pa àwọn awakùsà mọ́kànlélógún ní Enugu ní November 1949, ó fi Bread and Bullet dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn òmìnira, ní 1964, ó ṣe Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn nígbà náà mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí nínú ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé pátápátá. Eléré tí kò lè ṣeré nílẹ̀ Yorùbá mọ́, kí ló kù tí yóò fi jẹun? Síbẹ̀, kò tọrọ àforíjì. Eré tó tẹ̀lé e ló sọ ní Òtítọ́ Korò. Ìgbà tí ìjọba ológun dé ní 1966, tí Adékúnlé Fájuyì di gómìnà, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Àwọn oníṣẹ̀ṣe mọ iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni, iṣẹ́ egúngún ni: ẹni tó bá wọ eré ń sọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ, ìlú sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Láti orí ìtàgé dé iwájú kámẹ́rà

Ní 1976, Ọlá Balógun, olùdarí fíìmù, gbé Àjàní Ògún jáde. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ade Love, ló ṣe olórí òṣèré. Dúró Ládìípọ̀, tó ti sọ Ṣàngó di àwòyanu lórí ìtàgé nínú Ọba Kò So, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, orin àti ijó sì kún inú rẹ̀. Àwọn èrò tó máa ń wo eré orí ìtàgé tú jáde lọ wò ó. Àwọn ọ̀gá eléré rí i pé ọjà tuntun ti dé.

Ògúndé ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lórí ìtàgé kó tó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde ní 1979. Aiyé ló pè é, Ọlá Balógun náà ló sì bá a darí rẹ̀. Eré orí ìtàgé ni Aiyé jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàgé ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí òṣèré bá ní òun di ẹyẹ lórí ìtàgé, ẹnu ni yóò fi sọ ọ́, aṣọ ni yóò pààrọ̀, olùwòran ni yóò sì fi ọkàn parí ìyókù. Kámẹ́rà kò bẹ olùwòran lọ́wẹ̀. Èèyàn dúró, ó pòórá. Babaláwo la ẹnu, ohun tó pè sì ṣẹ lójú gbogbo wọn. Fún ẹni tó gbà gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ní àṣẹ nínú, èyí ju idán sinimá lọ. Àfọ̀ṣẹ ló rí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùwòran kò fi gbà pé Ògúndé kàn ń ṣeré ni. Wọ́n ní ọkùnrin náà mọ nǹkan.

Fíìmù kì í ṣe iṣẹ́ olówó kékeré. Kò sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti lè fọ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ. Bó bá sì padà dé, àwọn eléré a máa tẹ̀lé ẹ̀dà fíìmù wọn kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, nítorí ẹ̀dà tó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ilé ti wó nìyẹn. Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá wa, mọ bó ṣe rí. Òun náà jẹ́ olórin kó tó di aláwàdà. Inú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni King Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe. Nígbà tí àwọn ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì Ọ̀run Móoru, fíìmù rẹ̀ ti 1982, gba ìgboro, gbèsè ni èrè rẹ̀.

Ògúndé kò dúró. Jáiyésinmi jáde ní 1980, Àròpin N'tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ sì ní 1988. Ní Ọ̀sọ́sà, ìlú rẹ̀, ló kọ́ abúlé tó ti ń ya fíìmù sí. Orin kò kúrò nínú èyíkéyìí nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń bọ̀ tó lágbára, orin ni yóò kọ́kọ́ sọ. Bí ibi bá ń bọ̀, ìlù ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Orúkọ tó fún akọni rẹ̀

Nínú Aiyé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe akọni. Babaláwo ni, oníṣègùn ni, òun ni ìlú sá tọ̀ nígbà tí àwọn àjẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Kò gbé inú ihò, ojú rẹ̀ kò pọ́n, kò pa ọmọ ọlọ́mọ ṣe owó. Ó ń wo aláìsàn, ó ń gba ìlú là. Ọ̀ṣẹ́túrá ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó ti tẹ Ifá mọ̀ pé orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán. Odù ni. Ìtàn rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn babaláwo láti Ọ̀yọ́ dé Havana. Nígbà tí Olódùmarè rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá tún ayé ṣe, àwọn mẹ́rìndínlógún tó jẹ́ ọkùnrin kó ara wọn jọ, wọ́n sì fi Ọ̀ṣun sílẹ̀ nítorí pé obìnrin ni. Ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, kò gún. Òjò kò rọ̀, àìsàn kò lọ, ẹbọ kò dà. Wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó sì bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn dà. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́. Oyún wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. Ó ní bí òun bá bí ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti tán; bí òun bá bí obìnrin, kí wọ́n lọ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí oyún náà. Ọkùnrin ló bí, Ọ̀ṣẹ́túrá ni. Òun ló di ẹni tó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run títí dòní.

Bóyá Ògúndé ro gbogbo èyí pọ̀ tàbí kò rò ó, orúkọ tó mú nìyẹn: ọmọ tó ń là ọ̀nà fún ẹbọ. Ní ọdún 1979, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń tijú pé bàbá bàbá wọn jẹ́ babaláwo, olórin tí gbogbo ìlú fẹ́ràn wọ aṣọ babaláwo, ó sì jẹ́ kí wọ́n hó fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yin ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi tó gé e lọ́wọ́. Nínú ìtàn Ifá, Ọ̀ṣẹ́túrá jẹ́ ọmọ obìnrin tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú, ìtàn náà sì ń kọ́ni pé ohun tí a bá ṣe láìsí àwọn ìyá kò ní gún. Nínú Aiyé, Ọ̀ṣẹ́túrá gbé ogun ti àwọn ìyá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fò lóru, àwọn ni wọ́n ń jẹ ọmọ, ìgbà tí wọ́n bá sì ṣẹ́gun wọn ni ìlú tó sinmi.

Ìṣẹ̀ṣe kò sọ pé agbára àwọn ìyá kò le. Ó mọ̀ pé ó le, ìdí tó fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn nìyẹn. Ìyàmi ló ń pè wọ́n, ẹlẹ́yẹ ló ń pè wọ́n, ìpèsè ló ń gbé síwájú wọn. Ní Kétu àti láàárín àwọn Yewa, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ń wọ ìró àti ìborùn obìnrin, tó ń jó kí inú àwọn ìyá lè dùn. Àjọ UNESCO pàápàá ti fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún àwọn ohun àjogúnbá aráyé láti 2001. Ẹni tó bá wo Aiyé nìkan kò ní mọ̀ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà. Ìjà ni yóò mọ̀, kò ní mọ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré nìkan, pàápàá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní September 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin dúdú kékeré kan nínú odò Thames, láìní orí, láìní apá àti ẹsẹ̀. Ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam nítorí pé wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ẹbọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò sì pẹ́ tí orúkọ Yorùbá àti ti òrìṣà fi wọ inú ìròyìn náà. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú ọmọ náà, ṣùgbọ́n àbùkù náà lẹ̀ mọ́ olórìṣà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní 2005, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù dá ẹ̀ka Project Violet sílẹ̀ láti dáàbò bo àwọn ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nítorí pé wọ́n ní àjẹ́ ni wọ́n tàbí pé ẹ̀mí kan ń gbé inú wọn. Ní ìlú tí ẹ̀sùn àjẹ́ ti lè pa ọmọdé, bí sinimá ṣe ń ṣe àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́.

Nígbà tí babaláwo di ọ̀tá

Ní 1988, tí Àyànmọ́ jáde, ìgbà fíìmù ńlá ti fẹ́ tán. Náírà ti já wálẹ̀, ẹni tó fẹ́ fọ fíìmù lókè òkun kò rí owó rẹ̀ san mọ́. Ògúndé ṣe bàbá ìyàwó nínú Mister Johnson, fíìmù tí Bruce Beresford darí ní Nàìjíríà. Lọ́ńdọ̀nù ni ọlọ́jọ́ ti dé bá a, ní April 4, 1990. Ìlú tó ti lọ kọ́ ijó ní 1947 náà ni. Wọ́n gbé e padà lọ sí Ọ̀sọ́sà.

Kámẹ́rà fídíò ló gba ipò fíìmù ńlá. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ àti ọ̀rẹ́ díẹ̀ lè ṣe fíìmù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ẹgbẹ́ eré ìhìnrere náà dìde. Mount Zion, ẹgbẹ́ Mike Bámilóyè, ló gbé Agbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ló sì wò ó. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ìjà kan náà tí Ògúndé fi hàn ni wọ́n ń jà, rere àti ibi, oògùn àti àṣẹ. Ohun tó yí padà ni pé olùsọ́àgùntàn ti gba àyè Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àjẹ́.

Èyí ló dé Rye Lane nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó sì bá ibi tó rọ̀ fún un. Ní 2013, ìwádìí Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú tó tó 240 ní agbègbè Southwark, níbi tí Peckham wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn èèyàn wa. Kò sí ẹ̀bi nínú kí èèyàn gba ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ olórìṣà tó ń gbé ní àdúgbò náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì ń gbọ́ òdìkejì rẹ̀ ní ilé ìwé, lójú pópó àti lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ọ̀ṣun nínú aṣọ oníyẹ́lò

Ọ̀nà tí Ògúndé tọ̀, láti orin dé fíìmù tó kún fún orin, kò kú. Ẹni tó gbajúmọ̀ jù lórí rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ẹgbẹ́ Destiny's Child ni Beyoncé ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣe òṣèré nínú Dreamgirls ní 2006, ó sì wá di ẹni tó ń darí fíìmù orin tirẹ̀. Nígbà tí Lemonade jáde ní April 2016, ó jáde láti ẹnu ọ̀nà kan pẹ̀lú omi tó ń tú wẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e, aṣọ yẹ́lò lọ́rùn, ẹ̀rín lẹ́nu, igi tó fi ń fọ́ gíláàsì lọ́wọ́. Láti Bahia dé Brooklyn, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun rí ìyá wọn. Láolú Sẹ́ńbánjọ, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ló kun àwọn oníjó kan nínú fíìmù náà lára. Iṣẹ́ Orí ló pe àwòrán ara tó ń ṣe.

Black Is King tẹ̀lé e ní July 31, 2020. Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti yà á, Yemí Aládé, Wizkid àti Mr Eazi sì wà lára àwọn tó kọrin sí i. Àwọn kan láàárín àwọn olórìṣà dunnú. Àwọn mìíràn béèrè pé ṣé ẹni tí kò jẹ èèwọ̀, tí kò bọ odò, lè wọ aṣọ òrìṣà ta àwo. Ìbéèrè náà tọ́. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn tún wà láti wò ó. Ní fíìmù Ògúndé, agbára obìnrin ni ohun tí wọ́n ń ṣẹ́gun. Ní Lemonade, obìnrin tó lágbára bínú, ó fọ́ nǹkan, ó sunkún, ó dárí jì, kò sì sí ọ̀ṣẹ́túrá kankan tó wá lé e kúrò nílùú. Ẹni tó mọ ìtàn odù náà yóò mọ èyí tó súnmọ́ Ifá nínú méjèèjì.

Rye Lane lójú ara rẹ̀

Ní 2018, Adéyẹmí Michael, ọmọ Yorùbá tó ń ṣe fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìyá rẹ̀ gun ẹṣin la ìgboro Peckham já nínú aṣọ òkè àti gèlè. Entitled ló pe fíìmù kúkúrú náà. Ní 2023, Rye Lane jáde, fíìmù ìfẹ́ tí Raine Allen-Miller darí, tí David Jonsson àti Vivian Oparah ṣe olórí òṣèré rẹ̀. Ọ̀dọ́ dúdú méjì rìn gba ọjà já, àwọ̀ kún ojú fíìmù náà, kò sì sí ẹni tó kú. Ilé sinimá Peckhamplex wà ní òpópónà yẹn gan-an, tí àwọn ará àdúgbò ti lè wo òpópónà wọn lórí aṣọ funfun kí wọ́n sì tún jáde bọ́ sínú rẹ̀.

Nínú fíìmù méjèèjì, àwọn èèyàn Peckham rí ara wọn láìsí ìtìjú. Ohun tó kù ni kí olórìṣà Peckham náà rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìyánífá tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru tó sì ń dá Ifá fún ọmọ tuntun ní òwúrọ̀ Sátidé, babaláwo tó ń wa bọ́ọ̀sì, ọmọ Ṣàngó tó ń lọ sí yunifásítì. Irú wọn wà. Obì tí wọ́n ń rà ní Rye Lane kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́.

Kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tó dé, iṣẹ́ wà nílé. Ẹni tó bá ń fi fíìmù babaláwo han ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde kúrò níbẹ̀. Kó jókòó tì í. Bí wọ́n bá pe orúkọ Ọ̀ṣẹ́túrá, kó dá fíìmù náà dúró, kó sọ ìtàn Ọ̀ṣun fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ìyá bá fò lóru, kó sọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí ọmọ bá sì béèrè pé ṣé bàbá yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú, kó gbé obì tó wà nínú àpò náìlọ́ọ̀nù jáde, kó là á, kó sì jẹ́ kí ọmọ náà wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Orí wa á gbè wá o. Àṣẹ.